Ọwọ́ mi kò ká léfà kílọ́ọ̀ṣì, alùpùpù náà sì ń ṣubú: kí ni ẹ ti ṣe sí tiyín?

Nọ́ọ̀sì Kwali

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Iṣẹ́ ìlera ni mo ń ṣe lágbègbè Kwali, èmi ni mo sì ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ sáwọn abúlé tí mọ́tò kì í dé àfi lọ́jọ́ ọjà. Wọ́n fún wa ní alùpùpù Boxer 100. Mo mọ̀ ọ́n gùn dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́ mi nílé kí n tó wá síbí.

Ọwọ́ mi ló kéré. Ìbọ̀wọ́ tó kéré jù lọ ní ibi iṣẹ́ wa, orí rẹ̀ ṣì máa ń ṣẹ́ kù lórí ìka mi. Léfà kílọ́ọ̀ṣì yìí, irin ọwọ́ òsì tí a ń fà ká tó pa jíà dà, jìnnà sí mi débi pé orí ìka nìkan ló ń kàn án, tí n bá sì fẹ́ fà á, àtàǹpàkò mi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára hándù. Kí n tó dé abúlé kẹta, ọrùn ọwọ́ òsì mi á ti máa ro mí gan-an.

Èkejì, ó ń ṣubú. Kì í ṣe lórí eré o, ìdúró ni. N óò fẹ́ dúró níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ tàbí tó da gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ mi kan kò ní rí ibi tẹ̀, ó di gbì! Ó ti kán léfà, ó ti fọ́ dígí, ó sì ti tẹ irin tí a fi ń pa jíà dà wọnú. Mẹkáníìkì tó wà nítòsí wa kàn ń rẹ́rìn-ín ni, ó ní kí n lọ máa jẹ búrẹ́dì kí ọwọ́ mi lè tóbi. Ẹ dákun, ẹni tí ọwọ́ tiẹ̀ náà kéré, kí lẹ ṣe?

Ẹlẹ́rù Kubwa

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ẹrù ni mo ń fi alùpùpù pín, èmi náà kò ga, ìka mi ò sì gùn. Ẹ gé awẹ́ kékeré lára sílípáàsì rọ́bà, ẹ fi há àárín léfà àti ilé rẹ̀, níbi tí ìdí léfà ti ń gbára lé e tí ẹ bá fi í sílẹ̀. Léfà á sún wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ fi téèpù dì í kó má bọ́. Ó parí.

Ọmọ Zaria

Sílípáàsì kẹ̀? Ó máa jábọ́ sójú títì. Ẹ gbé léfà náà lọ bá wẹ́dà, kó fi iná gbóná, kó wá tẹ̀ ẹ́ sínú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ti àbúrò mi ní Sabon Gari níbí, ó ṣì ń gùn ún.

Bàbá Panteka

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Kaduna ni mo wà, Panteka ni mo ti kọ́ iṣẹ́ irin, alùpùpù ni mo sì fi tọ́ àwọn ọmọ mi.

Ọmọ Zaria, ọ̀rọ̀ iná yẹn léwu. Ọ̀pọ̀ léfà òde òní kì í ṣe irin, alumíníọ̀mù tí wọ́n yọ́ dà sínú mọ́ọ̀dù ni. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní tútù, ó lè sán. Tí ẹ bá sì fi iná sí i, kì í pọ́n bí irin ṣe ń pọ́n kó tó yọ́, nítorí náà wẹ́dà kò ní mọ̀gbà tó ti gbóná kọjá ààlà, agbára rẹ̀ á ti lọ. Ti àbúrò yín lè gbọ́ràn títí di òní, kó wá kán lọ́jọ́ tó bá dì í mú gírígírí nítorí màlúù tó já sójú ọ̀nà. Àwọn léfà àtijọ́ tó jẹ́ irin pọ́nńbélé, ìyẹn ṣe é tẹ̀. Ẹ yọ òòfà lẹ́yìn sípíkà tó ti bàjẹ́, ẹ fi kàn án. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ má tẹ̀ ẹ́.

Ti sílípáàsì dára fún kílọ́ọ̀ṣì tó jẹ́ pé kébù ló ń fà á, ṣùgbọ́n Ẹlẹ́rù ò parí ọ̀rọ̀. Léfà tó bá ti sún mọ́ hándù, ìrìn tó kù fún un ti dín kù, kílọ́ọ̀ṣì sì lè má yọ tán. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ rèé: ẹ ti jíà kìíní sí i, ẹ fa kílọ́ọ̀ṣì dé ìpẹ̀kun, alùpùpù ṣì ń fẹ́ máa lọ, jíà á máa ké, níútírà, ibi tí kò ti sí nínú jíà kankan, á sì ṣòroó rí. Rọ́bà yẹn fúnra rẹ̀ máa ń fa kébù le, torí náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti há a, ẹ tú kébù náà díẹ̀ láti ibi nọ́ọ̀tù tó wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì. Kó má rọ̀ jù, kó má sì le jù. Ìdí léfà gbọ́dọ̀ ní ìmì bíi mìlímítà 2 sí 3 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa kébù. Tí kò bá ní ìmì rárá, àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì kò ní di ara wọn mú dáadáa, wọ́n á máa yọ̀, wọ́n á jó. Imú yín ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó gé sílípáàsì ẹnikẹ́ni, ẹ wo rọ́bà tí ẹ fi ń di hándù mú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi fóòmù aláwọ̀ mèremère bò ó nítorí ẹwà. Irin hándù fúnra rẹ̀ kò ju mìlímítà 22 lọ ní fífẹ̀. Fóòmù yẹn ló sọ ọ́ di igi. Ẹ bọ́ ọ kúrò, ẹ wá rọ́bà tó tín-ínrín. Ìka yín á ti jèrè.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú bóòtù tó di ilé léfà mọ́ hándù, kẹ́ ẹ sún gbogbo rẹ̀ wọ ààrin díẹ̀, kúrò ní etí ọwọ́. Ìka yín á wá bọ́ sí òpin léfà dípò ìdí rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa ń rọrùn fà jù. Ó tún ní àǹfààní mìíràn: tí alùpùpù bá ṣubú, etí hándù ló máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kì í ṣe orí léfà. Ẹ yí i síwá-sẹ́yìn náà. Ẹ jókòó bí ẹ ṣe ń jókòó, ẹ na apá, kí ẹ̀yìn ọwọ́ àti apá yín wà ní ìlà kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ń tẹ ọrùn ọwọ́ sókè kí ìka tó débẹ̀, ìyẹn ni ìrora tí ẹ ń sọ.

Kébù ńkọ́? Lẹ́yìn ọyẹ́, eruku inú rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ yọ ọ́, ẹ so nylon kékeré mọ́ orí rẹ̀ kó dà bí àrọ, ẹ da ọ́ìlì fífúyẹ́ sínú nylon, ẹ fi kọ́ sára ìṣó mọ́jú. Tí ó bá ti já okùn kan tàbí méjì nínú, ẹ má fi ọ́ìlì ṣòfò, ẹ ra òmíràn.

Àdùkẹ́ Jabi

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un kí ẹnìkan má baà ka ti sílípáàsì kó lọ ṣe é sí bíréèkì. Tí bíréèkì iwájú bá jẹ́ olómi, ìyẹn èyí tó ní ìgò kékeré lórí hándù àti àwo irin lára táyà iwájú, ẹ MÁ fi ohunkóhun há léfà rẹ̀. Ẹ ti ń ti písítìnì inú rẹ̀ wọlé díẹ̀ nìyẹn láìmọ̀, ihò tíńtín tí omi bíréèkì ń gbà padà sínú ìgò á sì dí. Tí bíréèkì bá ti gbóná, omi inú rẹ̀ á wú, kò ní rọ́nà padà, bíréèkì á bẹ̀rẹ̀ sí í di ara rẹ̀ mú. Ó lè ti táyà iwájú pa lórí eré.

Báìkì ńlá ni mo ń gùn, léfà rẹ̀ ní ohun yíyí kékeré kan tí mo fi ń sún un mọ́ ọwọ́. Wọ́n ń ta léfà bẹ́ẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n sì ń ta kúkúrú tó jẹ́ ti ìka méjì. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́jà kó fi wọ́n lé ara wọn. Ihò bóòtù àti ibi tí orí kébù ń wọ̀ gbọ́dọ̀ bára mu, kí ó má jẹ́ pé ojú lásán ni wọ́n fi jọra.

Tíṣà Minna

Gbogbo wàhálà yìí! Ẹ ò ṣe kúkú wá èyí tí kò ní léfà kílọ́ọ̀ṣì rárá? Honda C70 ayé àwọn ìyá wa, ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń pa jíà rẹ̀ dà, kò sí ohun tí ọwọ́ òsì ń fà. Ìyá mi gùn ún lọ síléèwé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Alùpùpù ọkùnrin ni Boxer.

Nọ́ọ̀sì Kwali

Ẹ ṣé, Tíṣà, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó mi ni mo fi rà á. Ìjọba ló ni ín, èyí tí wọ́n fún wa ni mo máa gùn. Ẹ sì wá wo ọ̀nà wa lẹ́yìn òjò kẹ́ ẹ tó sọ ti C70 fún mi.

Bàbá Panteka, mo dúpẹ́ gidigidi. Fóòmù ti wà lára tèmi lóòótọ́, pupa àti dúdú! Bíréèkì iwájú mi kì í ṣe olómi, kébù ló ní, dúrọ́ọ̀mù ló wà nísàlẹ̀. Ṣé mo lè há rọ́bà sí ìyẹn náà?

Bàbá Panteka

Ẹ lè há a, bákan náà ni. Ẹ há a, ẹ fi nọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ tú kébù díẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbé táyà iwájú sókè, ẹ fọwọ́ yí i. Kó yí fàlàlà láìfọwọ́ kan léfà. Tí ẹ bá fa léfà, kó di táyà mú pátápátá kí léfà tó kan hándù. Tí ó bá kan hándù, kébù ti rọ̀ jù tàbí bàtà bíréèkì ti jẹ tán, rọ́bà kò lè tún ìyẹn ṣe.

Ọmọ Zaria

Ó dáa, mo ti gbọ́ ti iná, màá sọ fún àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ ò tíì dárúkọ. Ara ẹ́ńjìnì, níbi tí kébù kílọ́ọ̀ṣì parí sí, irin kékeré kan wà tí kébù ń fà. Mo mọ ẹni tó ní kí wọ́n jó irin mọ́ ọn kó gùn sí i, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sì rọ̀ bí ìrẹsì tó jiná. Ọmọdé lè fà á.

Bàbá Panteka

Ó rọ̀ lóòótọ́, mo ti bá àwọn kan ṣe é. Ṣùgbọ́n bí irin yẹn bá ṣe gùn tó ni léfà gbọ́dọ̀ rìn jìnnà tó kí kílọ́ọ̀ṣì tó yọ. Àǹtí yìí ti fi rọ́bà gé ìrìn léfà kù. Tó bá tún mú irin ìsàlẹ̀ yẹn gùn sí i, kílọ́ọ̀ṣì kò ní yọ mọ́. Ẹni tí ìka rẹ̀ gùn àmọ́ tí kò lágbára, tàbí tí làkúrègbé ń bá a jà lọ́wọ́, òun ni mo máa ń ṣe é fún. Ẹni tí ìka rẹ̀ kúrú, rárá.

Alájà Sábó

Ẹ kú ìjíròrò o. Kano ni mo wà. Wọ́n ti lé acaba, ìyẹn ọ̀kadà akérò, kúrò nígboro níbí láti 2013, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló gbòde, ṣùgbọ́n alùpùpù aládàáni kún ìlú, àwọn tó ń rọ gáàdì, irin tó ń dáàbò bo ẹ́ńjìnì tí alùpùpù bá ṣubú, sì ń jẹun. Ọ̀rọ̀ ṣíṣubú ni mo fẹ́ sọ.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ wò ó bóyá gáàdì iwájú ẹ́ńjìnì wà lára tiyín. Tó bá wà, ẹ tẹ alùpùpù sílẹ̀ jẹ́jẹ́ lórí koríko, kẹ́nìkan bá yín dì í mú, kẹ́ ẹ wo ohun tó ń kan ilẹ̀ gan-an. Ìgbà yẹn lẹ máa mọ ibi tí ìṣòro wà. Èyí tó dáa, gáàdì, ibi ìtẹsẹ̀ àti etí hándù ló yẹ kó kan ilẹ̀, kí irin jíà wà lókè. Irin jíà tó bá tẹ̀ wọnú lè lu ìdérí ẹ́ńjìnì, ìdérí á sán, ọ́ìlì á dà, ẹ ó sì sùn sóko lọ́jọ́ náà. Tí gáàdì yín bá kúrú jù, kí wẹ́dà fẹ̀ ẹ́ títí á fi kọjá irin jíà. Mo máa ń gé táyà inú tó ti gbó, màá fi dì í yíká, ariwo á dín, ọ̀dà ò sì ní máa họ.

Ẹlẹ́rù Kubwa

Alájà, gáàdì tó fẹ̀ jù léwu nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ o. Ẹ wá wo Nyanya ní àárọ̀. Tí gáàdì bá ti kọ́ bọ́ńpà kẹ̀kẹ́, gbogbo yín lẹ jọ ń lọ sílẹ̀. Tèmi kò kọjá etí ibi ìtẹsẹ̀.

Alájà Sábó

Nyanya kọ́ ni Nọ́ọ̀sì ń lọ, àárín oko ni. Ṣùgbọ́n mo gbà, kó má fẹ̀ ju hándù lọ.

Bàbá Panteka

Ẹ̀yin méjèèjì ò tíì sọ ti ibi tí wọ́n máa so ó mọ́. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó gáàdì mọ́ irin ara alùpùpù. Ibi tí iná bá ti kan irin yẹn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń sán lẹ́yìn ọ̀la. Kí ó rọ gáàdì lọ́tọ̀, kó fi bóòtù dè é mọ́ ibi tí bóòtù ẹ́ńjìnì wà tàbí kó fi kìlíǹpù gbá a mú. Tí kò bá sí ọgbọ́n mìíràn tó kọjá kí ó jó o lára, ẹ yọ okùn bátìrì kúrò, ẹ sì bọ́ táǹkì epo sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e jìnnà. Mo mọ ohun tí mo rí tí mo fi ń sọ ọ́.

Ọmọ Ìlọrin

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ n mú ọgbọ́n àwọn tó ń fi alùpùpù sáré nínú igbó wá. Kí ẹ má fún ilé léfà le jù. Ẹ yí téèpù funfun tí àwọn pọ́lọ́ńbà ń lò mọ́ hándù ní ẹ̀ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ wá gbé ilé léfà lé e, kẹ́ ẹ fún un títí kò fi ní mì tí ẹ bá ń lò ó, àmọ́ tí ẹ bá fi ìkúùkù lù ú, á yí. Tí alùpùpù bá ṣubú, léfà á yí lọ dípò kó kán, ẹ máa kàn yí i padà ni.

Èkejì, ẹ fi ayùn irin lá ojú tín-ín-rín sí léfà, bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí orí rẹ̀ rògòdò. Tó bá máa kán, ibẹ̀ ló máa kán, èyí tó kù á ṣì gbé yín délé.

Ẹlẹ́rù Kubwa

Ti téèpù yẹn ṣiṣẹ́, mo ti lò ó. Ti ayùn ni mi ò gbà. Léfà bíréèkì kọ́ nìyẹn tí ẹ fẹ́ lá lójú? Lọ́jọ́ tí ẹ bá fà á tagbára-tagbára ńkọ́?

Ọmọ Ìlọrin

Ìka kì í dé ibẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Ìdí léfà ni agbára ń wọ̀ jù, orí rẹ̀ kì í gbé nǹkan kan.

Bàbá Panteka

Ọmọ Ìlọrin, ẹ ti gbàgbé pé a ní kí Àǹtí sún ilé léfà wọ ààrin, kí ìka rẹ̀ lè bọ́ sí òpin léfà. Ìka tirẹ̀ yóò dé ibẹ̀. Fún òun, kó fi ayùn sílẹ̀. Téèpù ti tó, kó sì ní léfà kan lábẹ́ ìjókòó pẹ̀lú sípánà 10. Ẹ má gé orí rògòdò yẹn kúrò o, nítorí kó má gún ènìyàn ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀.

Dígí náà, ẹ lè tú u díẹ̀ kó lè yí tó bá kan ilẹ̀.

Àdùkẹ́ Jabi

Kò sẹ́ni tó tíì sọ bí wọ́n ṣe ń gbé e dìde. Boxer lé ní 100 kílò kí ẹrù tó gorí ẹ̀, kò yẹ kí ẹ fi ẹ̀yìn fà á.

Ẹ kọ́kọ́ pa iná rẹ̀, ẹ ti ẹnu epo. Ẹ wò ó bóyá epo ń jò kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló fi sùn, ẹ na sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ jáde látìgbà tó ti wà nílẹ̀, kí ó má baà lọ ṣubú sí òdìkejì tí ẹ bá gbé e dìde. Ẹ ti jíà kìíní sí i kó má yí lọ. Ẹ wá yí ẹ̀yìn sí i, kí ìdí yín wà lẹ́bàá ìjókòó rẹ̀, ẹ lóṣòó. Ọwọ́ kan di hándù tó wà nísàlẹ̀ mú, èkejì di irin tó wà lẹ́yìn ìjókòó. Ẹ wo iwájú, ẹ fi ẹsẹ̀ tì í, ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Itan ló ń ṣe iṣẹ́ náà, ọwọ́ kékeré kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀.

Tó bá ti dìde, ẹ má tíì tan ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, epo á ti kún kábúrétọ̀. Ẹ sinmi díẹ̀. Ẹ yí hándù ọwọ́ ọ̀tún tí a fi ń fún un ní eré, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀, kó padà fúnra rẹ̀. Tí kò bá padà, ẹ má gùn ún.

Nọ́ọ̀sì Kwali

Ẹ̀yin ará ilé, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti bọ́ fóòmù. Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì mìíràn ní Gwagwalada, ó sún ilé léfà méjèèjì wọ ààrin, ó sì há rọ́bà sí ti kílọ́ọ̀ṣì. Kébù ti gbó pátá, a pààrọ̀ rẹ̀. Àtàǹpàkò mi ò kúrò níbi tó wà mọ́ tí mo bá ń fà á. Ọrùn ọwọ́ ṣì ń ro mí díẹ̀ lálẹ́, kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣíṣubú ò tíì tán. Kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára ló wà lẹ́yìn mi, ó ga, yìnyín kún inú rẹ̀. Tí mo bá ti dúró tí alùpùpù tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, mi ò lè dá a dúró mọ́. Àti sítáǹdì ẹ̀gbẹ́, ó ń rì nínú ilẹ̀ pupa yìí.

Ẹlẹ́rù Kubwa

Kúlà yẹn ni, Àǹtí. Ẹ sún un síwájú títí á fi kan ẹ̀yìn yín, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó jókòó sórí káríà, irin ìgbẹ́rù, lẹ́yìn pátápátá. Ohun yòókù tó wúwo, omi, ìwé, oúnjẹ yín, ẹ kó o sínú àpò méjì tó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nísàlẹ̀, kí wọ́n bára dọ́gba. Kó má kan sàlẹ́ńsà, ọ̀pá èéfín tó máa ń gbóná, o. Tí ẹ bá ń dúró, ẹ yan ibi tí ẹsẹ̀ òsì yín máa tẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí bíréèkì. Ẹni tó kúrú kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì dúró lẹ́ẹ̀kan náà.

Alájà Sábó

Kí wẹ́dà jó pẹpẹ irin tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé mọ́ ìsàlẹ̀ sítáǹdì, kò ní rì mọ́. Títí wọ́n á fi ṣe é, ẹ máa mú òkúta pẹlẹbẹ tàbí igi pákó kan dání. Ẹni tó ń ṣe ìjókòó náà lè gé fóòmù abẹ́ rẹ̀ níwájú kó tín-ínrín, kí ẹsẹ̀ yín lè rí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba ló ni ín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín kẹ́ ẹ tó gé nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì Kwali

Ọ̀gá ti ní kí n ṣe ti sítáǹdì, ó ní ti ìjókòó kí n kọ̀wé. Ẹ mọ̀ bí ìwé ṣe ń rìn.

Bàbá Panteka

Ẹ máa lo pákó lọ ná. Tí wẹ́dà bá ti jó pẹpẹ yẹn, ẹ ká sítáǹdì náà sókè kí ẹ tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kẹ́ ẹ rí i pé pẹpẹ kò kan irin jíà, kò sì kan ilẹ̀ tí ẹ bá tẹ̀ sí òsì. Léfà tó kán yẹn, ẹ má jù ú nù. Tí ẹ bá rí ẹni tó ń bọ̀ ní Kaduna, ẹ fi rán an sí mi, mo ní èyí tí a lè fi wé e.